Àmì Orí Ẹ̀jẹ̀

Aago mẹ́ta òru. Ní Winnipeg
òtútù ti sọ Odò Pupa di títì,
ènìyàn ń rìn lórí omi, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.
Èmi Fadérera, ọmọ tíṣà ní Ìkìrun,
mo wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ̀ búlúù,
mo ń dúró de ẹ̀jẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Marisol ló gbé e dé,
ó fi í pamọ́ sábẹ́ kóòtù, bí ẹni pọn ọmọ síwájú.
Ẹ̀jẹ̀ ìwọ́. Ṣíbí méjì péré.
Ọmọ tó ni ín kò tíì lo wákàtí kan láyé.
Nílé wa, à bá ti ri ìwọ́ mọ́lẹ̀ nídìí ọ̀pẹ,
kí ọmọ lè mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá.
Níbí, mo lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn.

“Ìgbà wo lẹ gbà á?”
Ó wo ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, ibi tó fi bírò kọ aago sí.

Bàbá mi a máa kọ ọ̀rọ̀ kan sójú pátákó:
igba owó, igbá omi,
ìgbà òjò, igbà ọ̀pẹ.
Lẹ́tà mẹ́ta ni gbogbo wọn.
Àmì ni kò jẹ́ kí a fi igbà ọ̀pẹ bu omi mu.

Ohun tí à ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn.
Lẹ́tà tí ọmọ jogún dúró gbọn-in.
Àmì tín-ín-tín tó bà lé e lórí ni à ń kà,
tó ń wí fún ibí pé sọ̀rọ̀, fún ọ̀hún pé panu mọ́.
Wọ́n ní ebi ìyá lè fi àmì síbẹ̀,
wọ́n ní èéfín sìgá náà lè fi síbẹ̀.

Ọdún méjì la fi kà á.
Ọmọ ilé ìwòsàn àríwá, ọmọ ilé ìwòsàn gúúsù,
àmì wọn kò jọra rárá.
Àríwá ni òrùlé ti ń jò,
ibẹ̀ ni ẹ̀rọ amúlégbóná ti ń kú lóṣù Jánúárì.
Ẹnìkan ní ìpàdé ń fi bírò lu tábìlì:
“Àwọn ìyá yẹn...”
Ó dánu dúró.
Gbogbo wa la mọ ibi tí gbólóhùn náà ń lọ.

Mo lọ yẹ ìwé àkọsílẹ̀ wò, ojú ìwé kan tẹ̀lé èkejì.
Ní gúúsù, ẹ̀jẹ̀ ń wọ inú ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀,
ẹ̀rọ a yí i, a yí i,
títí omi pípọ́n yóò fi lé sókè, tí pupa yóò sì rò sísàlẹ̀.
Láàárín wọn, funfun kan,
bí awọ tó dì sójú ògì.
Funfun yẹn ni wọ́n ń bù.
Ní àríwá, kò sí ẹni tó ń yí ẹ̀rọ lóru.
Gbogbo rẹ̀ ló ń lọ sí fìríìsà: pupa, funfun, àdàlù.

Pupa ọmọ tuntun kì í sì í ṣe pupa àgbà.
Tiwa ti tu kóró rẹ̀ nù, bí ẹni mu àgbálùmọ̀.
Nínú ti ìkókó, òmíràn ṣì ní kóró,
kóró náà ní lẹ́tà, lẹ́tà náà ní àmì tirẹ̀.
A gbọ́ ohùn èrò púpọ̀, a ní ẹnìkan ló sọ̀rọ̀.
A pè é ní ebi.

Bóyá ebi wà níbẹ̀ o. N kò mọ̀.
Ẹ̀jẹ̀ tí a pèsè báyẹn kò lè sọ fún wa.

Dókítà Pidhirny yọ jígí ojú rẹ̀.
“Ọdún méjì,” ló wí. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ojú.
Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà:
mo wí i ní Yorùbá, kò bi mí léèrè.
A tún un bẹ̀rẹ̀.

Ìyá tí n kò mọ̀, ní òkè àríwá,
sùn díẹ̀ kí ọmọ tó jí.
Mo gbé ìgò náà sókè síná,
mo kọ ọ́: aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méjìlá,
kí n tó ka ohunkóhun.
Bàbá mi ìbá ti na rúlà sí mi:
Ta ló gbàgbé àmì?